Obìnrin Tó Sọ Pé “Childs” ní Kíláàsì Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ kú àìrí wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibi tí mo wà yìí, orí rẹ̀ náà ni mo sì dọ̀bálẹ̀ sí kí n tó mú bíírò. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ ti oògùn tí dókítà fún wọn? Ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Ẹ kí Ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́ àti ọkọ wọn. Ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ sọ fún wọn pé orúkọ wọn kì í wọ́n lẹ́nu mi tí mo bá ń gbàdúrà.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mo fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti kà á. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú yín síta. Gbangba ni mo ti dójú ti ẹnì kan, mi ò sì rí ìdí tí n ó fi wá ìkọ̀kọ̀ fún ìtìjú tèmi.

Ara mi le, ẹ má fòyà. Ooru ibí ni kò jọ tiwa. Tiwa a máa mú ni làágùn. Ti ibí a máa gbẹ òógùn mọ́ni lára kí ó tó ráyè ṣàn. Tí ọyẹ́ bá sì dé, eruku á bo gbogbo nǹkan, títí kan ọbẹ̀ inú ìkòkò. Lamordé ní Niamey ni mo ń gbé, ní òdì kejì odò, nítòsí yunifásítì. Odò Ọya tó ń gba Jẹ́bà kọjá náà ni, Bàbá. Tí mo bá wà nínú takisí lórí afárá ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wo omi náà pé òun ń lọ sílé, èmi ń lọ síbi iṣẹ́. Yorùbá kì í sábà yọ lẹ́nu mi, àfi tí mo bá yà sọ́dọ̀ àwọn ará Ìlọrin kan tó ń ta aṣọ, tí wọ́n ní kí n jókòó jẹun. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí síbí, tí mo bá fi Yorùbá kí wọn, Zarma, èdè àwọn ará ibí, ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Ní ti owó, kò burú, kò sì dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ nílé pé ọmọ yín ń fi owó sẹ́fà sọ̀kò.

Ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́ sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dúpẹ́ pé ọmọ yín ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ àwọn Faransé ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní gbogbo ìjọ ló pàtẹ́wọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì yára pa fóònù náà, nítorí pé kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Mi ò kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta símẹ́ǹtì ní àdúgbò Poudrière ni mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà nígbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Awakọ̀ wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà, àwọn oníṣòwò tó ń ná ọjà Kánò wà. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin Zarma kan tí gbogbo wa ń pè ní Tántí Zeinabou. Tántí ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ti tó ìyá ẹni níbí, bí àwa ṣe máa ń pe irú wọn ní Màmá. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo àti ìgò ló ń tà ní ọjà Katako, láàárín àwọn tó ń la pákó àti àwọn tó ń ta irin àlòkù. Ó kàwé Faransé díẹ̀ ní kékeré, kò jìnnà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé kíláàsì, iwájú ló sì máa ń jókòó sí. Tí ó bá ń kọ nǹkan, á fi ọwọ́ òsì bo ìwé rẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n jí òun wò.

Ìdí tó fi wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kan ṣoṣo tó bí, lọ wá iṣẹ́ sí Ghana. Ó fẹ́ ará ibẹ̀, ó sì bímọ sí Accra. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́ Zarma, wọn kò gbọ́ Hausa, wọn kò gbọ́ Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àti èdè ìyá wọn. Ìyá àgbà wọn kò tíì fojú kàn wọ́n rí. Tí wọ́n bá pè é, bàbá wọn ló máa ń dúró láàárín bí ògbufọ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀ pé ó ti sú òun kí òun máa gba ẹnu ẹlòmíràn bá ọmọ ọmọ òun sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, a dé orí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gba “s” tí wọ́n bá di púpọ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn. “Man” á di “men”. “Tooth” á di “teeth”. “Mouse” á di “mice”, “ox” á di “oxen”, “child” á di “children”. Ó le fún wọn, ó sì yẹ kí ó le. Faransé tí wọ́n kà níléèwé, tí èèyàn bá fi etí gbọ́ ọ, ọ̀kan àti púpọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Àwa náà ńkọ́? Ọmọ kan, ọmọ mẹ́wàá, ọmọ ṣì ni. Ọ̀rọ̀ wa kì í pa àwọ̀ dà nítorí pé nǹkan pọ̀. Awakọ̀ kan bi mí pé kí ló dé tí “book” fi gba “s” tí “foot” fi kọ̀ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni èdè ṣe fẹ́ ẹ. Ìdáhùn yín nìyẹn, Bàbá. Mi ò ní òmíràn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́ òfin yìí, ọ̀rọ̀ inú ilé ni púpọ̀ nínú wọn: ọkùnrin, obìnrin, ọmọ, ẹsẹ̀, eyín, ẹran ọ̀sìn. Ohun tí èèyàn kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún ẹbí rẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì fi okùn dè sí ẹnu ọ̀nà. Mi ò ro ìyẹn lọ́jọ́ náà.

Mo ní kí wọ́n máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tuntun náà sọ nǹkan nípa ẹbí wọn. Tántí Zeinabou ló kọ́kọ́ dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó ní, “My son has three childs. I buy shoe for their small foots.”

Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ó ń sọ pé ọmọ òun ní ọmọ mẹ́ta, pé òun ra bàtà fún àwọn ẹsẹ̀ wọn kéékèèké. Obìnrin tí kò rí ẹsẹ̀ náà rí! Ká ní mo ní etí ni, ohun tí ǹ bá gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣì í nìkan ni mo gbọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti jáde kí n tó mọ̀, kíláàsì sì gbà á lẹ́nu mi. Ká ní mo fi mọ síbẹ̀, bóyá ì bá rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa ń ṣe ní kíláàsì yín ló wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tó fẹ́ jókòó, mo ní kó dúró. Mo bi í pé, “Three what?” Ó tún un sọ. Mo tún bi í. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀, torí kò mọ ibi tí àṣìṣe wà, ó rò pé mi ò gbọ́ ni. Mo kọ “childs” àti “foots” gàdàgbà sójú pátákó, mo fi ṣọ́ọ̀kì yí wọn ká, mo sì ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún wọn, bí ẹ ṣe máa ń ní ká pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá sọ pé “mouses”. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó tó mi í bí dúró níwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ di etí tábìlì mú, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ yẹn ni kì í kúrò lójú mi. Nígbà tí mo wá ní kí ó jókòó, ó jókòó, kò sì gbé orí sókè mọ́ títí a fi túká.

Mi ò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn nínú takisí tó gbé mi lọ sílé. Mo rò pé kíláàsì náà lárinrin. Mo ní kò sí ẹni tó máa gbàgbé “children” mọ́ láyé.

Kò wá ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Kò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ní ọjà ni kò jẹ́. Àmọ́ àwọn yòókù tó ń wá náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá béèrè nǹkan, wọ́n á máa wo ìwé, wọ́n á máa wo òrùlé. Ẹni tí mo bá nawọ́ sí á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, ohùn èmi nìkan ni òun ń gbọ́, àbí èmi nìkan ni mò ń wá kíláàsì ni.

Mo wá bi ọ̀kan nínú wọn, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Rakia, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Nígbà tí mo tẹnu mọ́ ọn, ó ní kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun. Ó ní òun mọ ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mò ń béèrè, òun kàn ń gbé e mì ni. Ó ní Tántí Zeinabou sọ fún òun pé òun kò wá mọ́, pé òun ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ́kọ̀ọ́. Rakia kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń sọ ohun tó ń ṣe èèyàn fún un. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ní Sátidé, mo lọ sí Katako. Ẹ̀rọ ìlapákó ń ké, eruku igi sì bo gbogbo ọ̀nà. Mi ò mọ apá ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà, mo sì ní láti máa béèrè. Hausa ni mò ń sọ nínú ọjà, nítorí Zarma mi kò kọjá ìkíni. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú Hausa tí mò ń sọ fún yín. Àwọn Hausa náà máa ń yí ọ̀rọ̀ padà tí nǹkan bá ti pọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí i kò sì níye. Ọkọ̀ kan ni “mota”, tó bá pọ̀ á di “motoci”. Èmi gbọ́ ìyẹn, mo sì sọ ọ́ di òfin. Obìnrin kan ni “mace”, nítorí náà mo ní obìnrin púpọ̀ á jẹ́ “macoci”. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, fún onílé mi, fún ẹni tó ń ta ìrẹsì fún mi, fún ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Mo bi ọkùnrin kan tó ń la pákó pé níbo ni àwọn “macoci” tó ń ta kẹ́ẹ̀gì wà. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó lè gbọ́ mi. Ó ní àwọn “mata” tó ń ta kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́yìn àwọn onírin, kí n gba apá ọ̀tún, ó sì tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Mo ti rìn díẹ̀ kí ó tó yé mi. “Mata” ni. Kò sí ohun tó ń jẹ́ “macoci”. Gbogbo ìlú Niamey ló sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọ́n ń fún mi ní ohun tí mo bá béèrè, wọ́n ń kí mi pé ó dàbọ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì irin kan, mi ò lè lọ síwájú fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí Tántí Zeinabou rí mi, ó dìde. Bàbá, mo fẹ́ kí ó bú mi. Kò bú mi. Ó fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu orí kẹ́ẹ̀gì ńlá kan, ó ní kí n jókòó. Ó bu omi tútù fún mi. Ó sọ fún àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé èmi ni Málàmù tó ń kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó béèrè iṣẹ́ mi, ó béèrè ara mi nínú ooru, ó béèrè yín. Ó ní ṣé àwọn òbí mi wà láyé. Mo ní ẹ wà. Ó ní kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Hausa tí mo ní. Ó ní kò sí nǹkan. Mo ní ìgbà wo ló máa padà sí kíláàsì. Ó ń fi okùn so kẹ́ẹ̀gì pọ̀. Mo rò pé kò gbọ́, mo fẹ́ tún un sọ, nígbà náà ló wá sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

Ó ní, “Málàmù, lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, wọ́n pè mí láti Accra. Ọmọ mi ní àwọn ọmọ fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Mo ti kọ́ ohun tí mo máa sọ. Mo gbé fóònù sétí, mo gbọ́ wọn, mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé àwọn náà á rẹ́rìn-ín.”

Ó so okùn náà tán kí ó tó parí rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ tí èyí tó kéré jù nínú wọn ń bi bàbá rẹ̀ bóyá ìyá àgbà wọn kì í sọ̀rọ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà fi béèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun kedere, àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa yé òun látẹnu wọn láìsí ògbufọ̀.

Oníbàárà dé, ó ta kẹ́ẹ̀gì fún un. Òmíràn dé. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì náà bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Nígbà tí mo máa dìde, mo ní ṣé kí n máa wá kọ́ ọ níbí ní ọjọ́ Sátidé, láìgba nǹkan kan. Ó ní rárá, ọjà ní etí púpọ̀. Ó ní kí n máa lọ kí oòrùn tó le.

Mo padà sí kíláàsì ní Mọ́ńdè pẹ̀lú ohun tí mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo sọ ìtàn “macoci” mi fún wọn. Mo ní kí wọ́n máa bi mí ní ọ̀rọ̀ Hausa àti Zarma, kí n máa ṣì í, kí wọ́n sì máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sí ẹni tó pa á. Awakọ̀ yẹn wolẹ̀. Rakia ní kò dára kí wọ́n fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wò ó, Bàbá: àtẹ́wọ́ tí mo ní kí wọ́n pa fún obìnrin àgbà, wọ́n kọ̀ láti pa á fún mi. Mo rí i pé eré ni mo tún ń ṣe, pé mo fẹ́ fi ẹ̀rín fọ ọwọ́ mi. Mo nu pátákó. Mo sọ fún wọn pé ohun tí mo ṣe fún Tántí kò dára, ó sì dùn mí, mo sì bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà a ka ìwé wa.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í dìde dúró ní kíláàsì mi mọ́. Tí ẹnì kan bá sọ pé “tooths” ń dun òun, màá bi í pé “teeth” wo ni, òkè ni àbí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Ohun tí ọkùnrin tó ń la pákó yẹn ṣe fún mi nìyẹn. Ó ń falẹ̀ o. Ẹlòmíràn á sọ “tooths” títí oṣù á fi parí. Ṣùgbọ́n ohùn wọn ti ń padà díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Ibi tó le jù láti sọ ni mo wá dé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́ ní ẹ ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, àti pé bẹ́ńṣì tí ẹni tó bá ṣì í máa ń gùn ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà gun bẹ́ńṣì yẹn nítorí mo sọ pé “oxes”. Mi ò ní sọ pé kò ràn mí lọ́wọ́. Mi ò ṣi “oxen” sọ mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lára ohun tí mo fi ń jẹun. Mo ti sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn gẹ́gẹ́ bí àwàdà, mo sì máa ń fi yín yangàn. Ṣùgbọ́n, Bàbá, gbogbo ọdún tí mo fi wà ní yunifásítì, mi ò nawọ́ sókè dáhùn ìbéèrè kankan rí. Àwọn olùkọ́ mi rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Rakia sọ pé òun ń gbé ìdáhùn mì ló jẹ́ kí n mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí.

Mi ò tó ẹni tí í kọ́ yín níṣẹ́ tí ẹ fi tọ́ mi. Ẹ kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin ń kọ́ ọmọdé, ọwọ́ kan lẹ fi ń mú wa gun bẹ́ńṣì, ẹ fi ìkejì fún wa ní gúgúrú nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Èmi gba apá kan iṣẹ́ yín, mo gbàgbé èkejì, mo sì lọ gbé e fún ìyá ọlọ́mọ. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiyín. Síbẹ̀ mo fẹ́ fi orí ara mi bẹ̀ yín nítorí àwọn ọmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, Bàbá. Kí wọ́n wà ní ìjókòó ṣì í. Tí mo bá ti kọjá àyè mi, ẹ dárí jì mí, ẹ kà á sí pé ooru ibí ló ń bá mi jà.

Ohun tó kù kò pọ̀. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Tántí Zeinabou ránṣẹ́ sí mi láti ọwọ́ Rakia pé kí n yà sílé òun ní ìrọ̀lẹ́. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ó gbé fóònù sí àárín wa. Ó ní òun fẹ́ pe Accra fúnra òun, òun ti sọ fún ọmọ òun pé kó jáde kúrò nínú yàrá kó fi fóònù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó ní tí wọ́n bá sọ ohun tí kò yé òun, kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ó wá gbójú sókè wò mí, ó ní, “Ohun tó bá jáde lẹ́nu tèmi, Málàmù, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Mo ní mo gbọ́.

Ó pè. Ohùn ọmọbìnrin kékeré kan dáhùn. Tántí kí i, ọmọ náà kí i padà. Lẹ́yìn náà ni Tántí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa àgùntàn méjì tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá fún ọdún. Ọmọ náà bi í pé irú àwọ̀ wo ni wọ́n ní. Ó yíjú sí mi, mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì dáhùn. Bó ṣe ń dáhùn lọ́wọ́ ni ọ̀kan nínú àgùntàn náà ké, ó ké gan-an, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín ní Accra lọ́hùn-ún.

Ojú Tántí Zeinabou yí padà. Ó gbé fóònù kúrò létí. Mo mọ ojú yẹn. Èmi ni mo fi sí i lójú. Mo la ẹnu, mo rántí àdéhùn wa, mo pa á dé.

Ohùn ọmọ náà ń jáde látinú fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ kó tún ké.”

Ó wò mí. Mo sọ ohun tí ọmọ náà wí fún un. Ó dìde pẹ̀lú ìkérora ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ó rìn lọ bá àgùntàn náà, ó na fóònù sí i lẹ́nu, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní Zarma pé kó ké. Kò ké. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá dara pọ̀ mọ́ ọn, Tántí náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí àgùntàn náà ń ṣe fún wọn. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́. Nígbà tó yá, mo wọ bàtà mi, mo jáde láìdágbére. Kò tíì padà sí kíláàsì mi, mi ò sì rò pé yóò padà.

Mo mọ̀ yín, Bàbá. Mo mọ̀ pé láti ibi tí mo ti dárúkọ àgùntàn méjì lẹ ti ń dúró. “Sheep” kì í gba “s”, ọ̀kan ni o, ọgọ́rùn-ún ni o, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó fi sí i àbí kò fi sí i. Etí mi gbọ́ ọ. Mi ò ní sọ fún yín.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle kẹ́ ẹ̀yin àti Màmá. Kí ilé wa má rí àjálù. Kí ẹsẹ̀ àwa tí a wà lájò má ṣì, kí a bá yín láyọ̀ nígbà tí a bá dé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó pàtẹ́wọ́, ẹ kí àwọn ọmọ tó ń wá kàwé lọ́dọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín,

Oyèníyì,
ní Lamordé, Niamey.